Títú fọ́ńṣọ̀n onílà 213 palẹ̀: kóòdù ìsanwó sítọ́ọ̀ kòkó kan ní Iléṣà

Iṣẹ́ náà: kóòdù Python tó ń ṣírò iye tí sítọ́ọ̀ kòkó kan ní Iléṣà máa san fún àgbẹ̀ tó bá kó ẹrù wá. Fáìlì kan ni, `iwe.py`, ìlà 341. Fọ́ńṣọ̀n (apá kóòdù tó ní orúkọ àti iṣẹ́ tirẹ̀) kan ṣoṣo nínú rẹ̀, `siro_san`, ló gba ìlà 213. Kò bàjẹ́ o. Owó tó ń gbé jáde péye. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè kà á délẹ̀ kó sì sọ ohun tó ń ṣe, bẹ́ẹ̀ sítọ́ọ̀ fẹ́ yí iye owó lọ́rì padà kí kòkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé ní oṣù kẹwàá. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà láti yí i fi odindi ọjọ́ méjì wá ibi tó yẹ kó fọwọ́ kàn.

Ohun tí a lò: láptọ́ọ̀pù kan, Python 3.11, git (tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù; kọ́mítì ni àyípadà kọ̀ọ̀kan tí a fi pamọ́), pytest pẹ̀lú pytest-cov (fún ìdánwò àti láti mọ ibi tó dé nínú kóòdù), radon (tó ń wọn bí kóòdù ṣe lọ́jú pọ̀ tó), ruff (tó ń kìlọ̀ nípa àléébù kóòdù), VS Code (ibi tí a ti ń kọ kóòdù). Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ohun tó gba owó ni epo jẹnẹrétọ̀, lítà 8, torí iná ò dúró lọ́sẹ̀ yẹn. Dátà tí kò tó 1GB. Àti ₦400 tí a fi tẹ kóòdù náà sórí ìwé. Wákàtí 14 àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́rin: 5 fún ìdánwò, 6 fún gígé, 2 fún orúkọ, 1 àbọ̀ fún ohun tí àwa fúnra wa bàjẹ́ tí a sì tún ṣe.

Ìwọ̀n kí a tó fọwọ́ kàn án. A tẹ `radon cc -s iwe.py`, ó sì dáhùn pé `siro_san - E (38)`. Iye ọ̀nà tí kóòdù lè gbà kọjá ni radon ń kà, bí Thomas McCabe ṣe là á sílẹ̀ ní 1976. 1 sí 5 ni A, 41 sókè ni F. Tiwa wà lẹ́nu ọ̀nà F. `if` wà nínú `if` débi mẹ́fà, párámítà, ìyẹn àwọn ohun tí fọ́ńṣọ̀n ń gbà kó tó ṣiṣẹ́, sì jẹ́ 9.

Ìpele 1. Kí èsì àtijọ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí

Ìpele yìí ló gba àkókò jù lẹ́yìn gígé, kò sì sí èyí tó ṣe pàtàkì tó o. Bí a bá fẹ́ tún ilé ṣe láìyí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà, a ní láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ dájú. Kì í ṣe ohun tó *yẹ* kí kóòdù ṣe la kọ ìdánwò fún, ohun tó *ń* ṣe lónìí ni, tó fi mọ́ èyí tó dà bí àṣìṣe.

Sítọ́ọ̀ ní rìsíìtì 412 láti ọdún tó kọjá: ìwọ̀n àpò kọ̀ọ̀kan, iye omi tí mítà kà, gíréèdì, ìlú, àsansílẹ̀ tí àgbẹ̀ ti gbà. A kó wọn sínú CSV kan (fáìlì tó rí bíi tábìlì), a fi `siro_san` àtijọ́ ṣírò gbogbo wọn, a sì fi ohun tó gbé jáde pamọ́ sínú fáìlì. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ ìdánwò ni pé kó tún wọn ṣírò, kó sì fi wé ti fáìlì yẹn lẹ́tà fún lẹ́tà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́: lọ́jọ́ kìíní, gbogbo 412 yege. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo 412 kùnà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohunkóhun. `date.today()` ló wà ní ìlà 188; ọjọ́ ti yí padà lórí rìsíìtì. A yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, a sọ ọjọ́ di párámítà, `ojo`, kí ìdánwò lè fi ọjọ́ tó bá wù ú ránṣẹ́. Àyípadà yìí nìkan la ṣe kí àwọn ẹlẹ́rìí tó dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó kọ́kọ́ wá ohun mẹ́ta nínú kóòdù rẹ̀: ọjọ́ òní, nọ́ńbà tó ń ti `random` wá, àti ohunkóhun tó ń kàn sí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn ò ní jẹ́ kí èsì kan náà wá lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ni `pytest --cov=iwe --cov-branch`. Ó fi hàn pé ẹ̀ka mẹ́ta wà tí rìsíìtì kankan nínú 412 kò dé: kòkó tí omi rẹ̀ ju 12 nínú 100 lọ tí wọ́n dá padà fún sísá, ẹrù tí kò ní àpò kankan, àti àgbẹ̀ tí àsansílẹ̀ rẹ̀ ju owó kòkó rẹ̀ lọ. A fọwọ́ kọ ìdánwò 9 fún àwọn yẹn. Gbogbo 421 ń parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ó yẹ kó yára bẹ́ẹ̀, nítorí a máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn gbogbo ìgbésẹ̀, àní bí ó ṣe ìlà mẹ́ta la kó kúrò níbì kan.

Ìpele 2. Fífi bíìrò wá ojú ibi tó ti sán

A tẹ ìlà 213 náà sórí ojú ìwé mẹ́rin ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ₦100 ojú ewé kan. A fi bíìrò pupa yí ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ jáde po, a sì fi búlúù yí ibi ìkẹyìn tí wọ́n ti lò ó po. Ibi tí kò sí orúkọ kankan tó ṣì wà láàárín pupa àti búlúù rẹ̀, ibẹ̀ ni kóòdù ti sán fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ la máa gé.

Ẹni tó kọ kóòdù náà ti ràn wá lọ́wọ́ láìmọ̀: ó kọ àlàyé sí i, `# 1. apo`, `# 4. omi`, títí dé `# 7`. Àlàyé tó bá ní nọ́ńbà nínú fọ́ńṣọ̀n sábà máa ń jẹ́ orúkọ fọ́ńṣọ̀n mìíràn tí kò tíì dá dúró.

Ibi ìwé yìí náà la ti rí ohun tó ń da kíkà rú jù. Kóòdù kò ní àmì ohùn. `oko` ní ìlà 41 ni oko tí kòkó ti wá. `oko` ní ìlà 152 ni ọkọ̀, owó lọ́rì. `owo` ní ìlà 60 ni owó àgbẹ̀. Ní ìlà 197, òwò ọjọ́ náà lápapọ̀ ni. Python ò bínú, torí èyí tó kẹ́yìn ló ń bo ti ìṣáájú mọ́lẹ̀. Ojú òǹkàwé ló ń bínú.

Ìpele 3. Gígé àkọ́kọ́, tó kùnà

VS Code lè yọ fọ́ńṣọ̀n jáde fúnra rẹ̀: yan àwọn ìlà náà, tẹ Ctrl àti àmì ìdánudúró, mú *Extract method*. A yan ìlà 88 sí 131, gbogbo apá omi, ó sì yọ ọ́. Ohun tó fún wa ni fọ́ńṣọ̀n tó ń gba ohun méje tó sì ń dá mẹ́rin padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdánwò yege. A ṣì dá a padà pẹ̀lú `git restore iwe.py`. Fọ́ńṣọ̀n tó ń gba méje tó ń dá mẹ́rin padà kò tíì kúrò lára èyí tí a gé e lára. Okùn mọ́kànlá ṣì so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ń kà á máa ní láti ka méjèèjì pa pọ̀, ó sì sàn kí wọ́n wà lójú kan náà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ nìyí:

```
# 4. omi
if mita > 8:
    if mita <= 12:
        for a in apo:
            w = round((a - 1) * (100 - (mita - 8)) / 100, 1)
            kg = kg + w
            owo = owo + w * iye
```

Lúùpù kan (`for`, tó ń tún iṣẹ́ ṣe fún àpò kọ̀ọ̀kan) ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń ka ìwọ̀n, ó sì ń ka owó. A kọ́kọ́ là á sí méjì, lúùpù fún ìwọ̀n, lúùpù fún owó, láìyọ ohunkóhun jáde. Ìdánwò, kọ́mítì. A wá gbé àwọn ìlà tó jọ ń ṣiṣẹ́ sún mọ́ ara wọn. Ìdánwò, kọ́mítì. Ìgbà náà la tó gé. Èyí tó jáde báyìí gba ohun méjì, ó dá ẹyọ kan padà.

Ẹnìkan lè sọ pé lúùpù méjì á fa kóòdù sẹ́yìn. Ẹrù tó pọ̀ jù nínú rìsíìtì 412 náà jẹ́ àpò 80. Kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ pé a yí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ìpele 4. Omi, àti ₦1,000 tó sọnù

Òfin sítọ́ọ̀: àpò òfìfo kìlò kan, omi tí wọ́n gbà kò ju 8 nínú 100, bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, iye tó fi jù ú ni wọ́n ń yọ nínú ìwọ̀n. Nígbà tí a ń kó apá yìí sí fọ́ńṣọ̀n tirẹ̀, a rò pé ó mọ́ jù kí a ṣe `round` (kí a sún nọ́ńbà sí ìdá kan nínú mẹ́wàá tó sún mọ́ ọn jù) lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí àpapọ̀ ìwọ̀n dípò lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Ìdánwò 139 kùnà.

Ẹ wo ẹrù kan báyìí, àpò márùn-ún, mítà 9.5: 63.5, 64.0, 62.8, 63.2, 64.1. Bí a bá yọ àpò òfìfo, ó ku 62.5, 63.0, 61.8, 62.2, 63.1. Bí a bá yọ 1.5 nínú 100 tí a sì ṣe `round` àpò lẹ́yìn àpò, ó di 61.6, 62.1, 60.9, 61.3, 62.2, àpapọ̀ 308.1. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ kí a tó ṣe `round`, 307.9 ni. Ìdá méjì nínú mẹ́wàá kìlò ló wà láàárín wọn. Tí kìlò bá jẹ́ ₦5,000, àgbẹ̀ ti pàdánù ₦1,000 lórí àpò márùn-ún nítorí pé kóòdù “mọ́ sí i”. Ilẹ̀ òṣómàáló nìyí. Kò sẹ́ni tí yóò fojú fo ₦1,000, yálà ẹni tó ń rà tàbí ẹni tó ń tà.

A dá `round` padà síbi tó wà:

```
def iwon_leyin_omi(apo_kan, mita):
    iwon = apo_kan - IWON_APO_OFIFO
    if mita > OMI_TI_A_GBA:
        iwon = iwon * (100 - (mita - OMI_TI_A_GBA)) / 100
    return round(iwon, 1)
```

Èwo ló tọ̀nà nínú ọ̀nà méjèèjì? Ìbéèrè ẹni tó ni sítọ́ọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti ẹni tó ń tún kóòdù tò. Ohun tó bá yí owó padà gbọ́dọ̀ dá dúró ní kọ́mítì tirẹ̀, lọ́jọ́ tirẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ.

Ọmọ ìyá àṣìṣe yẹn: ibì kan kọ `round(x)`, ibòmíràn kọ `int(x + 0.5)`. A fẹ́ sọ méjèèjì di fọ́ńṣọ̀n kan torí wọ́n jọra. Wọn ò jọra. Nínú Python, `round(2.5)` jẹ́ 2, torí pé tó bá dé àárín gan-an, nọ́ńbà tó ṣe é pín sí méjì ló ń yàn, `int(2.5 + 0.5)` jẹ́ 3. Rìsíìtì méjì fi naira kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. A fi wọ́n sílẹ̀ bí méjì.

Ìpele 5. Títú `if` inú `if`

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀: dípò “bó bá dáa, tí èyí náà bá dáa, tí tọ̀hún náà bá dáa, ṣe iṣẹ́”, kọ “bí kò bá dáa, máa lọ” sókè, kí iṣẹ́ gan-an dúró sí ọwọ́ òsì. A ṣe é fún kòkó tí omi rẹ̀ ju 12 lọ: `return`, tó ń parí fọ́ńṣọ̀n lójú ẹsẹ̀, lókè pátápátá. Mẹ́fà di méjì lójú ẹsẹ̀, ìdánwò 421 yege, a sì ti ń lọ síbòmíràn.

Ó ti bàjẹ́ nígbà náà. Nísàlẹ̀ fọ́ńṣọ̀n àtijọ́, lẹ́yìn gbogbo `if`, ìlà mẹ́rin wà tó ń kọ nǹkan sínú ìwé ọjọ́, yálà wọ́n ra kòkó náà tàbí wọ́n dá a padà. `return` tiwa fò wọ́n. Rìsíìtì ìdápadà péye, ṣùgbọ́n ìwé ọjọ́ kò mọ̀ pé àgbẹ̀ yẹn wá rárá. Ìdánwò ò rí i torí rìsíìtì nìkan ló ń wò. Ìgbà tí a fi ojú ka `git diff` ní alẹ́ la rí i.

Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ méjì. Ìkíní, a dá kóòdù padà, a sì fi ìwé ọjọ́ kún ohun tí ẹlẹ́rìí ń fi wéra. Ìkejì, a tún ojú ìlà tò kí ìwé ọjọ́ má bàa lè fò mọ́:

```
def siro_san(eru, ojo, iwe_ojo):
    idi = idi_idapada(eru)
    if idi:
        risiiti = risiiti_idapada(eru, idi, ojo)
    else:
        risiiti = risiiti_sisan(eru, ojo)
    fi_sinu_iwe_ojo(iwe_ojo, risiiti)
    return risiiti
```

Kí ẹ tó fi `return` sókè, ẹ ka ìsàlẹ̀ fọ́ńṣọ̀n náà dé ìlà ìkẹyìn. Ohun tí fọ́ńṣọ̀n ń dá padà nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń kọ sí fáìlì, ohun tó ń tì, ohun tó ń fi ránṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn.

Ìpele 6. Owó lọ́rì àti “Ifẹ̀wàrà” méjì

`if ilu == ... elif ilu == ...` mọ́kànlá ló ń sọ owó lọ́rì ìlú kọ̀ọ̀kan. A sọ wọ́n di `dict` kan, àkójọ tó so orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan mọ́ owó rẹ̀, a tún orúkọ àwọn ìlú tẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù. Rìsíìtì 57 kùnà: `KeyError: 'Ifẹ̀wàrà'`. Python ní òun ò rí orúkọ náà, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú `dict`, a ń wò ó.

`len()`, tó ń ka iye àmì inú ọ̀rọ̀, ló tú àṣírí. Ti láptọ́ọ̀pù jẹ́ 8, ti CSV jẹ́ 11. Ojú ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Kíbọ́ọ̀dù kan máa ń kọ ẹ àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹyọ kan, à náà bí ẹyọ kan; òmíràn máa ń kọ lẹ́tà lásán, kó tó wá to àmì kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé e. Lójú Python, okùn ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí `if` àtijọ́ ní ni wọ́n dà kọ láti inú CSV, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́.

`unicodedata.normalize("NFC", ilu)` (tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe) yanjú 51 nínú 57. Mẹ́fà tó kù, wọ́n fi fóònù kan tẹ̀ wọ́n tó ń fa ìlà kékeré sábẹ́ e dípò kó fi ààmì tó rí bí ojúami sí i. Nínú Unicode, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ àmì kọ̀ọ̀kan, U+0329 ni ìlà yẹn, U+0323 ni ojúami. NFC kò kà wọ́n sí ọ̀kan náà, kò sì ní kà wọ́n sí i láé. Ó ní láti jẹ́ ìgbésẹ̀ méjì, lọ́nà yìí gan-an:

```
def oruko_ilu(oro):
    oro = oro.strip().replace("\u0329", "\u0323")
    return unicodedata.normalize("NFC", oro)
```

A lò ó fún orúkọ inú `dict` àti fún èyí tó ń ti CSV bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi Yorùbá ṣe kọ́kọ́rọ́ `dict`, tàbí tó ń fi orúkọ ènìyàn wá nǹkan nínú fáìlì, kó fi èyí sẹ́nu ọ̀nà kóòdù rẹ̀ kó tó kọ ìlà mìíràn.

Ìpele 7. Orúkọ

Python 3 gbà kí orúkọ fọ́ńṣọ̀n ní ẹ àti ọ. A ò lò ó, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó máa tún kóòdù yìí ṣe ló ní bọ́ọ̀dù Yorùbá. Ohun tí a ṣe ni pé orúkọ kankan ò gbọ́dọ̀ dá dúró bí ọ̀rọ̀ kan tó bá lè ní ìtumọ̀ méjì láìsí àmì. `oko` di `ilu_agbe` àti `owo_loori`. `owo` di `owo_kikun`, `owo_sisan` àti `apapo_ojo`. Nọ́ńbà 1, 8 àti 12 tó fọ́n káàkiri di `IWON_APO_OFIFO`, `OMI_TI_A_GBA`, `OMI_IDAPADA`. Párámítà 9 wọnú àpótí kan ṣoṣo tí Python ń pè ní `dataclass`, `Eru`.

Àwọn ọ̀rọ̀ náà, ẹnu àwọn ará sítọ́ọ̀ la ti gbọ́ wọn. Wọn kì í sọ pé “ìyọkúrò ìṣáájú”, àsansílẹ̀ ni wọ́n ń sọ, torí náà `asansile_yiyo` ni fọ́ńṣọ̀n rẹ̀.

Ìpele 8. Kí ẹni tó mọ òwò kà á

Akọ̀wé sítọ́ọ̀, ìyá àgbà kan tí kò kọ́ kóòdù rí, la gbé `risiiti_sisan` fún lórí ìwé:

```
def risiiti_sisan(eru, ojo):
    iwon = iwon_sisan(eru)
    owo_kikun = iwon * iye_kilo(eru.gireedi)
    asansile = asansile_yiyo(eru, owo_kikun)
    loori = owo_loori(eru.ilu_agbe)
    owo_sisan = yi_owo(owo_kikun - asansile - loori)
    return ko_risiiti(eru, iwon, asansile, loori, owo_sisan, ojo)
```

Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé e, ìlà kan lẹ́yìn ìkan, wọ́n sì dúró ní ìlà kẹrin. “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló dé tí ẹ fi ń wo àsansílẹ̀ kí ẹ tó yọ owó lọ́rì? Àwa máa ń yọ lọ́rì ná, ìdajì èyí tó bá kù la ò gbọdọ̀ yọ jù.” Òótọ́ ni. Kóòdù ń lo ìdajì owó kíkún. Lórí ẹrù ₦400,000 tí lọ́rì rẹ̀ jẹ́ ₦8,000, kóòdù lè yọ ₦200,000. Gẹ́gẹ́ bí àṣà sítọ́ọ̀, ₦196,000 ni. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ nínú ìlà 213 láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó lè rí i.

A ò fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ yẹn. A kọ ọ́ sínú ìwé, ẹni tó ni sítọ́ọ̀ fọwọ́ sí i, a sì ṣe é lọ́jọ́ kejì ní kọ́mítì tirẹ̀: ìlà méjì nínú kóòdù, èsì mẹ́ta tuntun nínú fáìlì ẹlẹ́rìí. Owó lọ́rì tuntun tí wọ́n torí ẹ̀ pè wá gba ìṣẹ́jú márùn-ún, nínú `dict`.

Ìwọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́

`siro_san`: ìlà 8, radon A (2). Fọ́ńṣọ̀n kéékèèké tó yí i ká jẹ́ 12. Èyí tó lọ́jú pọ̀ jù ni `asansile_yiyo`, B (7). Fáìlì gùn sí i, láti ìlà 341 sí 368, torí fọ́ńṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ní orí àti àlàfo tirẹ̀. Kọ́mítì 34. Fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò, `git diff --color-moved` ni kó lò: ó máa ń fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ hàn fún ìlà tó kàn ṣí kúrò níbì kan, ojú á sì lè dúró lórí èyí tó yí padà gan-an. A tan C901 nínú ruff, òfin tó ń kìlọ̀ bí fọ́ńṣọ̀n bá lọ́jú pọ̀ jù, a sì fi í sílẹ̀ sí 10 tó máa ń bá wá, kí fọ́ńṣọ̀n mìíràn má bàa tún wú bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan ṣì gùn: `ko_risiiti`, ìlà 31. A gé e sí mẹ́ta lọ́jọ́ kẹta, a sì tún un so pọ̀ kí ọjọ́ náà tó parí. Kò ní lúùpù, `if` méjì péré ló ní. Ó kàn ń to ìlà rìsíìtì láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa jáde lórí ìwé. Bó ṣe wà lódindi, ẹni tó ń kà á ń rí rìsíìtì gan-an níwájú rẹ̀. Nígbà tó di mẹ́ta, kò rí i mọ́.